Gẹ̀ẹ́sì Ń Yí Padà, Inú Ń Bí Àwọn Tí Ó Ni Ín

William Caxton, ẹni tí ó kọ́kọ́ gbé ẹ̀rọ ìtẹ̀wé wọ ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, sọ ìtàn kan nínú ọ̀rọ̀ ìṣáájú ìwé tí ó tẹ̀ jáde ní ọdún 1490, ìtàn náà kò sì ju ọ̀rọ̀ ẹyin adìẹ lọ. Ó ní àwọn oníṣòwò kan wọ ọkọ̀ lórí odò Thames, wọ́n fẹ́ kọjá sí Zeeland ní òdìkejì òkun, ṣùgbọ́n afẹ́fẹ́ kò fẹ́, ọkọ̀ wọn kò lè lọ, ni wọ́n bá gúnlẹ̀ kí wọ́n lè wá nǹkan panu. Ọ̀kan nínú wọn, Sheffield lórúkọ rẹ̀, oníṣòwò aṣọ, wọ ilé kan, ó béèrè oúnjẹ, ẹyin ni ó sì dárúkọ gan-an: ó pè é ní ‘egges’. Ìyá onílé ní kí ó má bínú, òun kò gbọ́ Faransé. Inú bí ọkùnrin náà, nítorí òun pàápàá kò gbọ́ Faransé, ẹyin ni òun ń fẹ́. Ó di ìgbà tí ẹlòmíràn dá sí i, tí ó ní ‘eyren’ ni ọkùnrin náà ń béèrè, kí ìyá onílé tó ní ẹ̀hẹn, ó wá yé òun wàyí.

Ẹni tí kò bá mọ ìdí ọ̀rọ̀ yóò rò pé ìyá onílé ni òpè. Bẹ́ẹ̀ kọ́. ‘Eyren’ ni ọ̀rọ̀ àbáláyé ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ẹnu àwọn baba ńlá rẹ̀ ni ó ti gbọ́ ọ. ‘Egges’ ni àlejò, àwọn jagunjagun ará Denmark àti Norway tí wọ́n fi idà wọ ìhà àríwá ilẹ̀ náà láyé àtijọ́ ni wọ́n gbé e wá. Lónìí, àlejò ti di onílé, onílé ti di ẹni ìgbàgbé, kò sì sí ẹni tí yóò lọ béèrè ‘eyren’ ní ọjà Lọ́ńdọ̀nù tí wọ́n yóò dá lóhùn. Ṣùgbọ́n ohun tí mo fẹ́ kí òǹkàwé fi ọkàn sí nínú ìtàn yìí ni ìbínú tí ó wà nínú rẹ̀. Kì í ṣe gírámà ni ó bí ọkùnrin náà nínú. Obìnrin náà rí àjèjì lẹ́nu ọ̀nà rẹ̀. Ọkùnrin náà, ẹ̀wẹ̀, rí i pé wọ́n sọ òun di àjèjì ní ilẹ̀ baba òun. Ohun tí ó wà lẹ́yìn ẹ̀fà, ó ju èje lọ. Láti ìgbà náà títí di òní, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ má sí ìjà kan tí àwọn elédè Gẹ̀ẹ́sì jà lórí ọ̀rọ̀ tí kì í ṣe pé ènìyàn ni wọ́n ń jà lé lórí: ta ni ọ̀gá, ta ni ọmọlẹ́yìn, ta ni ó yẹ kí a bọ̀wọ̀ fún, ta ni kò tó bẹ́ẹ̀.

Gẹ̀ẹ́sì, arìnnà-má-bọ̀-lófìfo, èdè tí í wọ ilé onílé tí í sì í jáde tòun ti ẹrù, kò fi ìgbà kan dúró sójú kan rí. Nígbà tí William ará Normandy ṣẹ́gun ilẹ̀ náà ní 1066, Faransé gorí àga, ó pẹ́ níbẹ̀, nígbà tí yóò sì fi sọ̀kalẹ̀, ó ti fi ọ̀rọ̀ ilé ẹjọ́, ọ̀rọ̀ ìjọba àti ọ̀rọ̀ oúnjẹ àwọn ọlọ́lá kún ẹnu mẹ̀kúnnù. Nígbà tí ó di ọ̀rúndún kẹrìndínlógún, àwọn ọ̀mọ̀wé bẹ̀rẹ̀ sí í da Látìn àti Gíríìkì sínú rẹ̀, tó bẹ́ẹ̀ tí Sir John Cheke, tí ó ti ṣe ọ̀jọ̀gbọ́n Gíríìkì ní Cambridge, fi yarí ní 1557 pé kí a jẹ́ kí èdè tiwa wà ní mímọ́, kí a má fi ti ẹlòmíràn lú u. Ó ṣe ni láàánú pé àwọn kan nínú ọ̀rọ̀ tí ó fi rojọ́ náà gan-an, àti èyí tí ó fi pe mímọ́ pẹ̀lú, ọ̀dọ̀ Látìn àti Faransé ni wọ́n ti wá.

Ṣùgbọ́n bí a bá ń wá ibi tí ọ̀rọ̀ èdè ti di ọ̀rọ̀ ìgbátí, ọ̀dọ̀ ‘thou’ àti ‘you’ ni kí a lọ, nítorí ọmọ Yorùbá ni ọ̀ràn náà yóò tètè yé jù lọ. Láyé àtijọ́, ‘thou’ ni ìwọ, ‘ye’ àti ‘you’ ni ẹ̀yin, ènìyàn kan ṣoṣo kì í sì í jẹ́ ẹ̀yin, ìbáà ṣe ọba. Nígbà tí ó ṣe, láti bí ọ̀rúndún kẹtàlá lọ, bí àwọn ìjòyè ti ń fara wé Faransé, wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í pe ẹni tí ó bá jù wọ́n lọ ní ‘you’, bí ẹni pé èrò púpọ̀ ni. Ọ̀gá ń fi ‘thou’ pe ìránṣẹ́, ìránṣẹ́ ń fi ‘you’ pe ọ̀gá; bàbá lè fi ‘thou’ pe ọmọ, ọmọ kò gbọdọ̀ dán an wò. Bí ẹni tí kì í ṣe ọ̀rẹ́ bá fi ‘thou’ pe ọlọ́lá, èébú gidi ni. Ní 1603, nígbà tí wọ́n gbé Sir Walter Raleigh wá sí ilé ẹjọ́ lórí ẹ̀sùn ọ̀tẹ̀, Sir Edward Coke, agbẹjọ́rò àgbà fún ọba, dojú ‘thou’ kọ ọ́ ní gbangba, ó sì là á yé e pé òun mọ̀ọ́mọ̀ pè é bẹ́ẹ̀ ni, nítorí ọ̀dàlẹ̀ ni.

Ní àárín ọ̀rúndún kẹtàdínlógún ni George Fox àti àwọn ọmọ ìjọ rẹ̀ tí a ń pè ní Quaker dìde. Wọ́n ní Ọlọ́run kì í ṣe ojúsàájú. Nítorí náà, láti orí adájọ́ dé orí alágbe, ‘thou’ ni àwọn yóò máa pe gbogbo ènìyàn, àwọn kò sì ní í ṣí fìlà fún ẹnikẹ́ni. Ní 1660, Fox àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ tẹ odidi ìwé kan jáde lórí ọ̀rọ̀ yìí nìkan, wọ́n kó ọ̀pọ̀lọpọ̀ èdè ayé jọ sínú rẹ̀ láti fi hàn pé ẹnì kan kì í di méjì nítorí pé ó lówó. Àsìkò yìí náà ni Thomas Ellwood, ọmọ adájọ́ kan ní agbègbè Oxford, ẹni tí ó padà wá ń kàwé sétí akéwì Milton nígbà tí ojú Milton ti fọ́, bọ́ sínú ìjọ náà. Ó fi ọwọ́ ara rẹ̀ kọ ohun tí ojú rẹ̀ rí. Ó wọlé tọ bàbá rẹ̀ lọ tòun ti fìlà lórí, bàbá gbá fìlà náà dànù, ó sì da ẹ̀ṣẹ́ bò ó. Ó wá òmíràn dé, bàbá gba ìyẹn pẹ̀lú, bẹ́ẹ̀ bẹ́ẹ̀ títí fìlà fi tán nílẹ̀, tí ọmọkùnrin náà fi há mọ́lé ní ìgbà òtútù, nítorí ẹni tí ó bá rìn ní ìgboro láìdé fìlà ní ayé ìgbà náà, wèrè ni wọ́n yóò pè é. Síbẹ̀, ti fìlà kéré. Ọjọ́ tí ‘thou’ bọ́ lẹ́nu rẹ̀ sí bàbá rẹ̀ ni ọ̀ràn wá lé kenkà: bàbá tún lù ú, ó sì búra pé bí òun bá tún gbọ́ irú rẹ̀ lẹ́ẹ̀kan sí i, eyín ẹnu rẹ̀ ni òun yóò fi gbé e mì.

Bàbá Yorùbá tí ó bá ń ka èyí kò ní í béèrè ìdí. Ọmọ tí ó bá wo ojú bàbá rẹ̀ kòrókòró tí ó ní ‘kí ni o wí?’, àwọn ará ilé pàápàá kò ní í tètè là á. Ó kàn jẹ́ pé ará Èkìtì tàbí Ìjẹ̀ṣà, tí ó ń fi ‘o’ bá àgbà sọ̀rọ̀ nínú ẹ̀ka èdè tirẹ̀ tí kò sì sí àrífín kankan nínú rẹ̀, yóò máa wo gbogbo wa bí ẹni wo eré. Kì í ṣe pé ‘thou’ burú. Òun ni ọ̀rọ̀ tí ó pẹ́ jù, òun ni ó sì tọ́ bí a bá ń ka ènìyàn ní oókan, eéjì. Ipò bàbá ni ọmọ fọwọ́ kàn, ni bàbá fi sọ ọ́ di ọ̀rọ̀ ẹ̀ṣẹ́.

Ẹ wá wo bí ìjà náà ti parí. Àwọn Quaker fẹ́ kí gbogbo ènìyàn di ọgba nípa pípè wọ́n ní ‘thou’. Gbogbo ènìyàn di ọgba lóòótọ́, ṣùgbọ́n ‘you’ ni gbogbo wọn jẹ́. Bí àwọn oníṣòwò àti oníṣẹ́ ọwọ́ ti ń lówó, tí ẹnikẹ́ni kò fẹ́ ṣe àṣìmú kí ó pe ọlọ́lá ní ‘thou’, wọ́n fi ‘you’ ta gbogbo ayé lọ́rẹ, àti ọba àti alágbe. Nígbà tí ó fi máa di bí 1700, ‘thou’ ti fẹ́rẹ̀ẹ́ kúrò lẹ́nu àwọn ará ìlú, àfi ní àwọn abúlé kan ní àríwá, àti nínú àdúrà. Nítorí pé Bíbélì tí King James ní kí wọ́n túmọ̀, tí ó jáde ní 1611, fi ‘thou’ bá Ọlọ́run sọ̀rọ̀, ọmọ Gẹ̀ẹ́sì òde òní gbà pé ọ̀rọ̀ ọ̀wọ̀ tí ó ga jù lọ láyé ni, ọ̀rọ̀ tí Raleigh gbọ́ ní èébú. Bíbélì Yorùbá tí Bíṣọ́ọ̀bù Crowther àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ṣe, ‘Ìwọ’ ni òun náà ń pe Ọlọ́run, bí a ti ń pe òrìṣà àti ọba nínú oríkì. A kò sì rí ẹni tí ó ní a rí Ọlọ́run fín.

Láti ìgbà yìí lọ ni a bẹ̀rẹ̀ sí í rí irú ènìyàn kan tí kò tíì kúrò láwùjọ elédè Gẹ̀ẹ́sì: ẹni tí ó gbà pé èdè náà dára tán nígbà tí òun wà ní ọ̀dọ́, pé ìbàjẹ́ ni gbogbo ohun tí ó dé lẹ́yìn náà. Jonathan Swift, àlùfáà tí kalámù rẹ̀ mú ju abẹ lọ, kọ̀wé sí Earl of Oxford, olórí àwọn ìjòyè Ọbabìnrin Anne, ní 1712, ó bẹ̀ ẹ́ pé kí wọ́n yan ìgbìmọ̀ kan tí yóò fi èdè Gẹ̀ẹ́sì sójú kan, irú èyí tí àwọn Faransé ti dá sílẹ̀ láti 1635. Ohun tí ó ń bí i nínú ni bí àwọn ọ̀dọ́ gbajúmọ̀ ti ń gé ọ̀rọ̀ kúrú, pàápàá ‘mob’, èyí tí wọ́n gé lára ọ̀rọ̀ Látìn tí í jẹ́ ọ̀pọ̀ èrò tí ń ṣí kiri. Ọbabìnrin wàjà ní 1714, ìgbìmọ̀ náà kò dé, ‘mob’ sì wà níbẹ̀ títí di òní, kò sí ìwé ìròyìn tí kì í lò ó. Samuel Johnson gba iṣẹ́ ìwé atúmọ̀ èdè, ó sì ní èrò ní 1747 pé òun yóò fi so èdè náà mọ́lẹ̀. Nígbà tí ìwé náà fi jáde ní 1755, tí ó ti tú ọ̀rọ̀ tí ó lé ní 40,000, òun fúnra rẹ̀ kọ sínú ọ̀rọ̀ ìṣáájú rẹ̀ pé àlá tí kò lè ṣẹ ni òun ń lá. Mo fẹ́ràn ọkùnrin náà nítorí ìjẹ́wọ́ yìí ju nítorí ìwé náà lọ.

Benjamin Franklin, ọlọ́gbọ́n ará Amẹ́ríkà tí ó bá mànàmáná ṣeré tí kò kú, kò jẹ́wọ́ ní tirẹ̀. Ní òpin ọdún 1789, ẹni ọdún mẹ́tàlélọ́gọ́rin ni, ó kọ lẹ́tà sí Noah Webster, ẹni tí ó ń ṣe ìwé lórí èdè nígbà náà, ó ní nígbà tí òun ti ilẹ̀ Faransé dé, òun bá àwọn ọ̀rọ̀ ìṣe tuntun kan nílé tí kò dùn mọ́ òun: ‘notice’, ‘advocate’, ‘progress’. Ó rọ Webster pé kí ó fi àṣẹ rẹ̀ lé wọn jáde. Lónìí, kò sí olùkọ́ tí yóò fi gègé pupa sàmì sí èyíkéyìí nínú wọn.

Ìwé gírámà fúnra rẹ̀ kò ti ọ̀run wá. Nígbà tí òwò ń gbé ọmọ tálákà dé ibi tí bàbá rẹ̀ kò dé rí, tí ó lówó ṣùgbọ́n tí ẹnu rẹ̀ ń tú u fó, ó nílò ìwé tí yóò kọ́ ọ bí àwọn ọmọ ọlọ́lá ti ń sọ̀rọ̀. Ìwé bẹ́ẹ̀ sì hù bí olú. Ti Robert Lowth, tí ó padà di bíṣọ́ọ̀bù Lọ́ńdọ̀nù, jáde ní 1762; ti Lindley Murray, ará Amẹ́ríkà tí ó ń gbé ní York, jáde ní 1795, ó sì wọ ilé ìwé káàkiri. Ní 1770 ni Robert Baker kọ ọ́ sílẹ̀ pé ‘less’ kò dára fún ohun tí a lè kà, ‘fewer’ ni ó wu òun. Ìfẹ́ inú ẹnì kan ni, ṣùgbọ́n ìfẹ́ inú náà di òfin, tó bẹ́ẹ̀ tí ilé ìtajà Tesco ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì fi yí pátákó tí ó wà níbi tí àwọn oníbàárà tí ọjà wọn kò ju mẹ́wàá lọ ti ń sanwó padà ní 2008, nítorí àwọn tí ‘less’ ara pátákó náà ń bí nínú. Ní ọ̀rúndún kọkàndínlógún, àwọn ọ̀mọ̀wé kan fi gbogbo ẹnu bú ẹni tí ó bá kọ ‘the house is being built’, wọ́n ní ‘the house is building’ ni èdè ọmọlúàbí. Èyí tí wọ́n bú nígbà náà ni a ń kọ́ ọmọ léèwé báyìí, bí ọmọ bá sì kọ èyí tí wọ́n gbèjà, òdo ni yóò gbà.

Kò sí ibi tí ìbínú yìí ti hàn tó Amẹ́ríkà ní 1961. Ní oṣù kẹsàn-án ọdún náà ni ilé iṣẹ́ Merriam gbé ìwé atúmọ̀ èdè ńlá wọn jáde, Webster’s Third, tí ó ní ọ̀rọ̀ 450,000. Philip Gove ni olóòtú rẹ̀, ọkùnrin tí ó gbà pé iṣẹ́ ẹni tí ń ṣe ìwé atúmọ̀ èdè ni láti sọ bí àwọn ènìyàn ti ń sọ̀rọ̀, kì í ṣe láti sọ bí ó ti yẹ kí wọ́n máa sọ̀rọ̀. Ó yọ ọ̀pọ̀ nínú àwọn àmì tí ó máa ń kìlọ̀ fún òǹkàwé pé ọ̀rọ̀ báyìí kò bójú mu. Níbi tí ìwé àtijọ́ ti ń mú àpẹẹrẹ lẹ́nu Shakespeare àti Milton, Gove kò kọ̀ láti mú un lẹ́nu olórin tíátà Ethel Merman àti òǹkọ̀wé ìtàn ọ̀daràn Mickey Spillane. Ní ti ‘ain’t’, ọ̀rọ̀ tí wọ́n fi ẹgba lé jáde lẹ́nu gbogbo ọmọ iléèwé ní Amẹ́ríkà, ó ní ọ̀pọ̀ ènìyàn kò fẹ́ ẹ, ṣùgbọ́n ọ̀pọ̀ ọ̀mọ̀wé ń sọ ọ́ lẹ́nu. Ó tán. Àwọn oníwèé ìròyìn kígbe bí ẹni pé ilé jó. New York Times fi ọ̀rọ̀ olóòtú bu ẹnu àtẹ́ lù ú, wọ́n sì ní ìwé àtijọ́ ti 1934 ni àwọn yóò máa lò lọ, bẹ́ẹ̀ ‘ain’t’ wà nínú ìyẹn náà! Rex Stout, òǹkọ̀wé ìtàn ọ̀daràn, jẹ́ kí Nero Wolfe, ọ̀tẹlẹ̀múyẹ́ inú ìwé rẹ̀, máa ya ìwé náà ní ojú ewé kọ̀ọ̀kan kí ó sì máa jù ú sínú iná. James Parton, ọ̀gá ilé iṣẹ́ American Heritage, tilẹ̀ fẹ́ ra ilé iṣẹ́ Merriam kí ó lè pa ìwé náà rẹ́. Nígbà tí kò rí i rà, ó ṣe tirẹ̀, èyí tí ó jáde ní 1969 pẹ̀lú ìgbìmọ̀ àwọn gbajúmọ̀ tí wọ́n ń dìbò lórí ọ̀rọ̀ tí ó dára àti èyí tí kò dára. Ní 2018, wọ́n tú ìgbìmọ̀ náà ká.

Kí ni ó fa gbogbo aruwo yìí? Àwọn olóòtú àti olùkọ́ náà kì í ṣe òmùgọ̀. Ohun tí wọ́n rí nínú ìwé Gove ni pé a ti mú wọn kúrò ní ìdí àga. Bí ó bá jẹ́ pé bí awakọ̀ ti ń sọ ọ́ ní ìgboro ni ìwé ńlá yóò kọ ọ́ sílẹ̀, kí ni èrè ẹni tí ó fi ọdún púpọ̀ kọ́ bí kò ṣe yẹ kí á sọ ọ́?

Èyí tí ń lọ lọ́wọ́ báyìí ni ti ‘they’. Ọ̀rọ̀ náà fúnra rẹ̀ àlejò ni, ọmọ ìyá ‘egges’ tí ó jọ bá àwọn jagunjagun àríwá wọ ìlú. Láti ọ̀rúndún kẹrìnlá ni àwọn elédè Gẹ̀ẹ́sì sì ti ń lò ó fún ẹnì kan ṣoṣo, bí wọn kò bá mọ̀ bóyá ọkùnrin ni tàbí obìnrin. Shakespeare lò ó bẹ́ẹ̀, Jane Austen lò ó láìmọye ìgbà. Àwọn onígírámà ni wọ́n wá ní rárá o, ‘he’ ni kí á máa lò, nítorí ọkùnrin ti kó obìnrin pọ̀ mọ́ ara rẹ̀. Ilé Aṣòfin ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì fi òfin tì í lẹ́yìn ní 1850 pé ọ̀rọ̀ tí ó bá dárúkọ ọkùnrin nínú ìwé òfin kó obìnrin mọ́ ọn. Àwọn obìnrin Manchester rò pé òótọ́ ni. Nígbà tí òfin ìbò ọdún 1867 fún ọkùnrin onílé ní ẹ̀tọ́ láti dìbò, àwọn obìnrin onílé tí wọ́n lé ní 5,000 ní ìlú náà ní kí wọ́n kọ orúkọ àwọn pẹ̀lú. Wọ́n gbé ọ̀ràn náà dé ilé ẹjọ́ ní 1868, àwọn adájọ́ sì dájọ́ pé ‘man’ inú òfin náà, ọkùnrin ni. ‘He’ kó obìnrin mọ́ra nígbà tí owó orí bá dé. Nígbà tí ìbò dé, ó ya ara rẹ̀ sọ́tọ̀.

Lẹ́nu ọdún díẹ̀ sẹ́yìn, àwọn ènìyàn kan ní ilẹ̀ òyìnbó ní kí a má fi ‘he’ tàbí ‘she’ pe àwọn, ‘they’ ni kí a máa pe àwọn, ọ̀rọ̀ náà sì gbilẹ̀ tó bẹ́ẹ̀ tí Merriam-Webster fi yàn án ní ọ̀rọ̀ ọdún ní 2019. Àríyànjiyàn kò tíì rọlẹ̀. Àwọn kan ní gírámà ni àwọn ń gbèjà, ṣùgbọ́n àwọn yìí kan náà ń pe ẹnì kan ṣoṣo ní ‘you’ láti òwúrọ̀ dé alẹ́, wọn kò sì sunkún ‘thou’. Ohun tí ó ń bí wọn nínú kò sí nínú ìwé gírámà. Ọ̀rọ̀ irú ènìyàn tí ó yẹ kí ó wà láyé ni, kí wọ́n sì sọ ọ́ bẹ́ẹ̀, kí a lè bá wọn jà tàbí kí a bá wọn gbà. Ní ti ọmọ Yorùbá, tí ‘ó’ rẹ̀ kò béèrè bóyá akọ ni tàbí abo, tí ó sì ń wí pé ‘Bàbá ti dé, wọ́n wà nínú ilé’ nígbà tí bàbá kò ju ẹyọ kan lọ, èwo ni ó ṣe àjèjì nínú rẹ̀?

Kí n má baà dà bí ẹni tí ó ń fi gbogbo àwọn oníbìínú ṣe yẹ̀yẹ́, John Richards wà níbẹ̀, akọ̀ròyìn tí ó ti fẹ̀yìn tì ní ìlú Boston ní Lincolnshire, tí ó dá ẹgbẹ́ sílẹ̀ ní 2001 láti gbèjà àmì kékeré tí ó máa ń wà lókè ṣáájú ‘s’ láti fi hàn pé ẹnì kan ni ó ni nǹkan. Ó ń kọ lẹ́tà pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́ sí àwọn onísọ̀ọ̀bù tí wọ́n bá gbé àmì náà sí ibi tí kò yẹ. Ní 2019, ní ẹni ọdún mẹ́rìndínlọ́gọ́rùn-ún, ó pa ẹgbẹ́ náà tì, ó ní àìmọ̀ àti ìmẹ́lẹ́ ti borí. Èmi kò rẹ́rìn-ín rẹ̀. Bí ọmọdé bá láṣọ bí àgbà, kò lè ní àkísà bí àgbà, bẹ́ẹ̀ ni ẹ̀dùn àgbà lórí ohun tí ń sọnù kì í ṣe asán nígbà gbogbo. Bí ‘disinterested’ ti ń di ẹni tí kò bìkítà, tí ó ti ń jẹ́ ẹni tí kò ní èrè tirẹ̀ nínú ẹjọ́ tẹ́lẹ̀, ohun èlò kan ń bọ́ lọ́wọ́ àwọn adájọ́. Ó kàn jẹ́ pé mo ti rí i pé àwọn tí ń ṣọ̀fọ̀ ohun èlò kì í pọ̀. Àwọn tí ń ṣọ̀fọ̀ ipò ni ó pọ̀.

A kò sì gbọdọ̀ rò pé òyìnbó nìkan ni. Ní 1952 ni ilé iṣẹ́ Faber and Faber ní Lọ́ńdọ̀nù tẹ ìwé The Palm-Wine Drinkard jáde, èyí tí Amos Tutùọlá kọ, ọmọ Abẹ́òkúta, ìlú abẹ́ Olúmọ, ẹni tí ìwé rẹ̀ kò kọjá ilé ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀, tí ó ti ṣe alágbẹ̀dẹ, tí ó sì ń jíṣẹ́ nínú ọ́fíìsì ìjọba ní Èkó. Gẹ̀ẹ́sì rẹ̀ kò jọ ti inú ìwé gírámà Nesfield. Yorùbá ni ó ń rìn nínú rẹ̀ tòun ti aṣọ òyìnbó lọ́rùn. Akéwì Dylan Thomas kan sáárá sí i nínú ìwé ìròyìn Observer ní Lọ́ńdọ̀nù. Nílé níbí, inú bí àwọn ọ̀mọ̀wé wa. Wọ́n kọ lẹ́tà sí ìwé ìròyìn West Africa ní 1954, wọ́n ní àwọn òyìnbó ń yìn ín nítorí kí wọ́n lè fi wá rẹ́rìn-ín ni, pé ìtìjú gbáà ni èdè bẹ́ẹ̀. Mo lóye ìbínú wọn. Ìran tí wọ́n fi ẹgba kọ́ ní Gẹ̀ẹ́sì, tí wọ́n fi oko bàbá dógò san owó iléèwé nítorí rẹ̀, tí ó jẹ́ pé Gẹ̀ẹ́sì nìkan ni ìwé ẹ̀rí wọn níwájú òyìnbó pé ènìyàn ni àwọn náà, ni òjíṣẹ́ ọ́fíìsì kan kọjá lára wọn lọ sí Lọ́ńdọ̀nù, tòun ti àṣìkọ rẹ̀. Nígbà tí Kọ́lá Ògúnmọ́lá sọ ìtàn náà di eré Yorùbá, Ọ̀mùtí, ní Ìbàdàn ní ọdún 1963, tí Láńkẹ́, ọ̀mùtí inú eré náà, ń sọ èdè ìyá rẹ̀ lórí ìtàgé, ayé tú yááyá lọ wò ó. Ìtàn kan náà ni. Ní 1977, Chinua Achebe dúró ní Yunifásítì Ìbàdàn, ó fi odidi àsọyé gbé ìwé Tutùọlá yẹ̀ wò, kò sì sí ẹni tí ó tún ń tijú.

Ní oṣù kìn-ín-ní ọdún 2020, ìwé atúmọ̀ èdè Oxford gba ọ̀rọ̀ àti ìlò 29 wọlé láti ẹnu àwa ará Nàìjíríà: dáńfó, ọ̀kadà, bùkà, tòkunbọ̀, ‘mama put’, ‘K-leg’, ‘next tomorrow’. Ẹlẹ́ẹ̀kejì tún dé ní ìbẹ̀rẹ̀ 2025: ẹ̀bà, gèlè, àdìrẹ, agbèrò, jápa. Tòkunbọ̀, orúkọ ọmọ tí a bí sí òkè òkun tí a gbé bọ̀ wá sílé, tí a wá fi ń pe mọ́tò tí òyìnbó ti lò kí ó tó dé ọwọ́ wa, ti gba òkun padà lọ sí Oxford. Ní ti ‘next tomorrow’, èyí tí àwọn olùkọ́ wa máa ń fi lu ọmọ, ọ̀túnla ni ó wà nídìí rẹ̀. Gẹ̀ẹ́sì fúnra rẹ̀ ní ‘overmorrow’ nígbà kan rí, ó sọ ọ́ nù, kò sì rí òmíràn fi dípò rẹ̀ títí a fi bá a wá ọ̀kan.

Àwọn kan yọ̀ nígbà tí ìròyìn náà dé, wọ́n ní a ti di ẹni tí ó ni èdè náà. Àwọn mìíràn yọ ṣùtì, wọ́n ní àṣìsọ ni, Oxford ti bàjẹ́ pẹ̀lú; ẹ ó sì rí i pé àwọn tí Gẹ̀ẹ́sì gidi ti gbé jókòó níbi gíga ni ó pọ̀ nínú wọn. Inú mi dùn ní tèmi, ṣùgbọ́n n kò ní í tan ọmọ ẹnikẹ́ni jẹ. Ọmọ tí kò bá ní kírẹ́díìtì nínú Gẹ̀ẹ́sì, ilẹ̀kùn yunifásítì ṣòro fún un láti ṣí, àwọn tí ń máàkì ìwé ìdánwò kì í sì í ṣe àwọn tí ń kọ dikíṣọ́nárì. Kí ó wí ‘next tomorrow’ nínú ọkọ̀, kí ó wí i lọ́jà, kí ó kọ ọ́ sínú ìwé ìtàn bí ó bá fẹ́ ṣe bíi Tutùọlá. Bí ó bá di gbọ̀ngàn ìdánwò, ‘the day after tomorrow’ ni kí ó kọ, gbólóhùn ọlọ́rọ̀ mẹ́rin, títí àwọn tí ń máàkì yóò fi dàgbà kúrò níbẹ̀.